Mò Ń Bọ̀ Kì Í Ṣe Mo Dé

"Mò ń bọ̀! Mò ń bọ̀! Bàbá Kẹ́mi, ọdún mọ́kànlá lẹ fi ń bọ̀! Ṣé Ìlú Ọba ni Ìdímù ni?"

Ohùn Olúfúnkẹ́ ló ń lọ sókè bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ Sátidé ọjọ́ ìmọ́tótó, nígbà tí gbogbo Ẹ̀gbẹ́dá ṣì wà nílé, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹsẹ̀ bọ títì títí aago mẹ́wàá fi máa lù. Àwọn ayálégbé tó ń kó ẹrẹ̀ gọ́tà níwájú ilé dá ṣọ́bìrì dúró, wọ́n tẹ́tí. Ẹ má bá wọn wí. Ìjà tọkọtaya wo ni kì í dùn-ún gbọ́, pàápàá lọ́jọ́ tí kò sí ibi téèyàn lè lọ?

Akínbọ́lá ọkọ rẹ̀ jókòó sínú pálọ̀ tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń fi igi ìṣáná tayín.

"Fúnkẹ́, ṣé mi ò ní mò ń bọ̀ ni? Kí ìmọ́tótó ṣáà parí. Màá wẹ̀, màá wọṣọ, màá débẹ̀ lónìí yìí."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ ní Sátidé tó kọjá! Ṣebí ẹ̀yin náà wà níbí lánàá nígbà tí Ọláyíwọlá àbúrò mi wá. Ẹ gbọ́ ohun tó wí. Bàbá mi ò jẹun mọ́! Dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé wọn lọ sílé, ẹ sì mọ ìtumọ̀ ìyẹn!" Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó di orúnkún ọkọ rẹ̀ mú. "Wọ́n ti kọ ẹrù ìdána yín nígbà kan, mo mọ̀. Ẹ tún bá mi lọ bẹ̀ wọ́n. Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí bàbá mi tó kú! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín!"

"Dìde, dìde. Mo ti gbọ́. Mò ń bọ̀."

Ibi tí ó ti ń wí bẹ́ẹ̀ ni Ọmọ́wùnmí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ti yọ láti yàrá. Obìnrin yìí wá kí wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, títí dòní kò tíì rí ọ̀nà padà. Ó káwọ́ lérí ìbàdí.

"Ta ló yẹ kó lọ dọ̀bálẹ̀? Àbúrò mi? Fún ẹni tó da ẹrù rẹ̀ sí gọ́tà? Fúnkẹ́, ojú kì í tiẹ̀ tì ọ́? Ìyàwó wo lò ń ṣe ná? Ta ló dáná ẹ? Ta ló gbé orógbó síwájú bàbá ẹ? Àlejò ni ọ́ nílé yìí! Àlejò ọlọ́dún mọ́kànlá!"

Ó ti pẹ́ tí Fúnkẹ́ ti ń gbé ọ̀rọ̀ náà mì, síbẹ̀ kò tíì mọ́ ọn lára. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀ bóyá ó máa gbèjà òun. Akínbọ́lá ń wo ẹnu igi ìṣáná rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nínú pálọ̀ yẹn, ẹnì kan mọ ohun tí òun ṣe, ẹnì kan mọ ìdajì, ẹnì kan kò mọ nǹkan kan. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, gbogbo wọn ni yóò mọ̀.

Ẹ má rò pé ìkà ni Akínbọ́lá o. Ì bá sàn kó jẹ́ ìkà, nítorí èèyàn a máa sá fún ìkà. Akọ̀wé ìjọba ni ní Ìkẹjà, kì í mutí, kì í lu aya. Àmọ́ gbogbo ohun rere tó bá fẹ́ ṣe, inú ọkàn rẹ̀ ló máa ń wà, ibẹ̀ náà ló sì máa ń kú sí. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná wọn yọ lọ́dún tí wọ́n bí Kẹ́mi. Ó ra ìṣó tó máa fi kàn án. Kẹ́mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá báyìí, ilẹ̀kùn ṣì fara ti ògiri, ìṣó ti dípẹtà nínú ife lórí fìríìjì. Bàbá Mò-ń-bọ̀ làwọn ayálégbé ń pè é lẹ́yìn. Ó mọ̀ pé wọ́n ń pe òun bẹ́ẹ̀, ó sì ní òun máa bá wọn sọ ọ́.

Oyún Kẹ́mi ló gbé Fúnkẹ́ wọ ilé rẹ̀, láìsí ìdána. Bàbá Fúnkẹ́, Pa Oyèníran, olùkọ́ ìjọ ni ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ní Ìdímù kó tó fẹ̀yìn tì. Kò lé ọmọ rẹ̀, kò ṣépè. Ó kàn fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan fún un tó ju èpè lọ.

"Àyìnkẹ́," ó pe oríkì rẹ̀, "ọmọ mi ni ọ́, ilé mi ò tì sí ọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àwọn èèyàn ọkọ ẹ bá gbé ẹrù ìdána dé ibí, ọjọ́ náà ni màá mu omi ilé ẹ. Títí dìgbà náà, omi ilé ẹ ò ní kan ọ̀fun mi."

Akínbọ́lá ní òun ń bọ̀. Àjíǹde dé, ó ní ó di Kérésìmesì. Kérésìmesì dé, ó ní òjò ò tíì dá dáadáa. Òjò wo lóṣù Kejìlá? Ọdún méje ni Fúnkẹ́ fi ń dá lọ kí bàbá rẹ̀ ní Ìdímù. Bàbá á fún un lóúnjẹ, á gbàdúrà fún un, ṣùgbọ́n kò jẹ́ ya ilé rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá láéláé.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ohun ìyanu ṣẹlẹ̀. Akínbọ́lá ra ẹrù! Ó ra oyin, iyọ̀, obì, orógbó, ataare, agboòrùn, àpótí aṣọ, àti Bíbélì ńlá aláwọ dúdú. Ojú Fúnkẹ́ báyìí ló ṣe jókòó tó fi ọwọ́ akọ̀wé rẹ̀ dáadáa kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́. Fúnkẹ́ sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó lọ gbé kòkò omi rẹ̀, ó fọ̀ ọ́ bí ẹni pé bàbá òun ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ọkọ kì í fúnra rẹ̀ ru ẹrù ìdána. Àwọn àgbà ilé rẹ̀ ló ń gbé e lọ. Bàbá àti ìyá Akínbọ́lá ti kú, àgbà kan ṣoṣo tó ní ní Èkó ni Ọmọ́wùnmí. Ọmọ́wùnmí fi gèlè wé orí, ó mú obìnrin méjì láti ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun rẹ̀, wọ́n kó ẹrù sínú takisí, ó di Ìdímù. Nígbà tó máa padà dé lọ́sàn-án, ẹkún ló ń sun.

"Bàbá Fúnkẹ́ da gbogbo rẹ̀ sí gọ́tà! Ó ní ọmọ òun ti di àlòkù, ká máa gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́!"

Áà! Àlòkù! Láti ẹnu bàbá tó bí i! Fúnkẹ́ kò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní òun máa lọ bá bàbá òun, òun máa bi í lójúkojú. Ó ní tí inú òun bá rọ̀. Inú rọ̀ díẹ̀, ó ní tí ara Kẹ́mi bá yá. Ara Kẹ́mi yá, ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọláyíwọlá tí ì bá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ wà ní Kàdúná níbi iṣẹ́ kí àìsàn Bàbá tó mú un wálé, ìyá wọn sì ti kú. Báyìí ni ọdún mẹ́rin ṣe lọ, tí Fúnkẹ́ kò fojú kan bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń bú Akínbọ́lá láti ẹ̀ẹ̀kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣẹ́ èébú díẹ̀ kù fún Fúnkẹ́. Àìsàn mò-ń-bọ̀ máa ń ranni.

Aago mẹ́wàá lù. Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í dún lójú títì.

"Bàbá Kẹ́mi, ó ti tó o."

"Jẹ́ kí n gbọ́ ìròyìn tán. Máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ, tí mo bá wẹ̀ tán, màá wá mú ẹ níbẹ̀, a ó jọ lọ."

Ṣọ́ọ̀bù Fúnkẹ́ kò ju ilé mẹ́ta sí ilé wọn. Sùtánà ló ń rán, aṣọ funfun àwọn Aládùúrà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Áńgílíkà lòun fúnra rẹ̀. Ó jókòó ti máṣíìnì, ojú rẹ̀ wà lọ́nà ilé. Aago mọ́kànlá lù, Akínbọ́lá kò yọ. Orí ẹ̀rọ ló wà tí obìnrin kan tó mọ́ tónítóní fi wọlé, ó di aṣọ funfun àti Bíbélì mọ́ abíyá.

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Mary lorúkọ mi, Ìpájà ni mo ti wá. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń rán sùtánà bíi tiyín. Ọkọ mi ni wọ́n fẹ́ fi òróró yàn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo fẹ́ fún un ní sùtánà láìjẹ́ kó mọ̀."

"Ẹ kú oríire o. Ìwọ̀n wọn dà?"

"Ṣẹ́ẹ̀tì wọn kan ni mo mú wá, kí ẹ fi wọn aṣọ náà."

Fúnkẹ́ gba ṣẹ́ẹ̀tì, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fa tépù yọ. Ṣẹ́ẹ̀tì búlúù ni. Ó ṣí kọ́là kó lè wọn ọrùn, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró síbẹ̀. Òwú pupa méjì wà nínú kọ́là, wọ́n dábùú ara wọn bí àgbélébùú. Òun ló máa ń fi òwú náà sínú gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ òun, kó má baà pààrọ̀ mọ́ tàwọn ayálégbé lórí okùn. Akínbọ́lá ní wọ́n jí ṣẹ́ẹ̀tì yìí lórí okùn lọ́dún tó kọjá.

"Kí lorúkọ ọkọ yín?" Ohùn tó fi bi í, òun gan-an kò mọ̀ ọ́n.

"Brọ́dá Akínbọ́lá ni. Akọ̀wé ìjọba ni wọ́n ní Ìkẹjà."

"Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń wá sọ́dọ̀ yín?"

"Háà! Ẹ mọ̀ wọ́n ni?"

Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé ọ́fíìsì Akínbọ́lá máa ń pẹ́. Fúnkẹ́ di etí tábìlì mú.

"Ẹ dákun, ẹ má bínú. Ṣé wọ́n dáná yín?"

"Wọ́n dáná mi o!" Mary gbé àyà síwájú. "Ẹ̀gbọ́n wọn fúnra rẹ̀ ló gbé ẹrù wá fún bàbá mi, ní bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ó ní ìyàwó àkọ́kọ́ ti kó jáde. Àní Bíbélì tó wà nínú ẹrù náà nìyí, òun ni mò ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, Àǹtí, wọn ò tíì kó mi wọlé. Wọ́n ní àwọn ń tún ilé ṣe ní Ẹ̀gbẹ́dá níbí. Ìgbà gbogbo ni wọ́n ń wí pé, 'Mary, fara balẹ̀, mò ń bọ̀ wá kó ẹ.'"

Ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu Fúnkẹ́. Ẹ̀rín burúkú! "Ó sọ ọ́ fún ìwọ náà?"

Ó gba Bíbélì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bébà funfun ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ bo ewé àkọ́kọ́. Mary ní ẹ̀gbọ́n ọkọ òun ló ní àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣàṣìṣe síbẹ̀. Fúnkẹ́ mú sísọ́ọ̀sì, ó rọra fi ẹnu rẹ̀ tú bébà náà. Ìkọ̀wé tó dáa ló yọ síta:

*Sí Olúfúnkẹ́ Àyìnkẹ́ Oyèníran, ìyàwó mi ọ̀wọ́n. Láti ọwọ́ Akínbọ́lá. Ìdímù, 1988.*

"Ta ni Olúfúnkẹ́?" Mary bi í. Kó tó parí ìbéèrè náà, ó ti rí ìdáhùn lójú ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Àǹtí! Wọ́n ní ẹ ti kó jáde! Mo fi Ọlọ́run búra, wọ́n ní ẹ ti kó jáde!"

"Mi ò bá ẹ jà, ọmọ ìyá mi. Ìyà kan náà ló jẹ wá. Ọjọ́ wo ni wọ́n gbé ẹrù náà dé?"

"Sátidé ni. Àárọ̀ ni, bí aago mẹ́wàá."

Sátidé. Aago mẹ́wàá àárọ̀. Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ ni Ọmọ́wùnmí gbé ẹrù jáde lọ́jọ́ náà. Takisí wo ló máa gbé e dé Ìdímù, táá kó ẹrù kalẹ̀, tí Bàbá á dà á sí gọ́tà, tí á sì tún dé Ìpájà laago mẹ́wàá? Ọpọlọ Fúnkẹ́ ṣí bí ìgbà tí wọ́n ṣí fèrèsé. Bàbá òun kò kọ ẹrù kankan! Bàbá òun kò pe òun ní àlòkù! Ọdún mẹ́rin lòun fi bá ẹni tí kò ṣẹ̀ òun bínú, ẹni náà sì ń kú lọ ní Ìdímù!

Ó di Mary lọ́wọ́ mú, ó fà á lọ sílé.

Akínbọ́lá ṣì wà nínú síńgílẹ́ẹ̀tì. Kò tíì wẹ̀. Nígbà tó rí àwọn méjèèjì lẹ́nu ọ̀nà, igi ìṣáná bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ta nìyí?" Ọmọ́wùnmí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó yára dìde. "Mi ò mọ̀ ọ́n rí o!"

"Àǹtí! Ẹ ò mọ̀ mí?" Mary bú sẹ́kún. "Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹun nílé ìyá mi lọ́jọọjọ́ Sọ́ńdè?"

Àwọn ayálégbé ti kún ojú fèrèsé. Fúnkẹ́ kò pariwo. Ó fi ọwọ́ kan pamọ́ sẹ́yìn.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹrù tí ẹ gbé lọ sí Ìdímù lọ́jọ́sí, kí ló ṣẹlẹ̀ sí i?"

"Ṣé o ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbọ́ ni? Bàbá ẹ dà á sí gọ́tà!"

"Tòun ti Bíbélì?"

"Tòun ti Bíbélì! Ojú mi báyìí ni omi gọ́tà gbé e lọ! Ẹ gbé Bíbélì mìíràn wá kí n fi búra! Bí mo bá purọ́, kí n má rí ọ̀nà gbà! Bí mo bá purọ́, kí ojú tì mí lójú gbogbo ayé!"

Fúnkẹ́ mú ọwọ́ rẹ̀ wá síwájú. Ó gbé Bíbélì aláwọ dúdú náà sórí tábìlì, ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́.

"Ẹ fi èyí búra, Àǹtí."

Ọwọ́ Ọmọ́wùnmí tó ti nà dúró sófuurufú. Kò lè gbé e sọ̀kalẹ̀, kò lè fà á padà. Ẹnì kan lójú fèrèsé ní, "Ó tán!" Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Akínbọ́lá ní, "ṣebí ẹ pè mí sẹ́yìn Fúnkẹ́, ẹ ní Bàbá kọ ẹrù ni, kò dà á nù? Ṣebí ẹ ní ẹrù tí wọ́n bá kọ̀ kì í padà wọlé ọkọ, pé ẹ ti gbé e fún ẹlòmíràn kí n má baà kú? Ohun tó mú kí n gbà láti fẹ́ Mary nìyẹn!"

"Mi ò yà sí Ìdímù! Mi ò tiẹ̀ gba ọ̀nà ibẹ̀!" Obìnrin náà bú jáde. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. "Kí ló dé tí mo fi máa gbé e lọ? Èmi tí ẹrù ìdána mi kún ilé bàbá wa, tí àwọn èèyàn wá láti ìlú mẹ́ta wá wò ó, ọkọ mi lé mi jáde láàárín ọdún mẹ́fà! Òun tí wọn ò gbé orógbó kan fún, ó jókòó sílé ọkọ bí olorì, ọkọ ń pè é ní ìyàwó mi, ìyàwó mi! Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n tún ru ẹrù fún un lé e lórí?"

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Ilara tí obìnrin yìí bá wọ ilé náà, ó fi ń sùn, ó fi ń jí, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Akínbọ́lá yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Fúnkẹ́, ní tèmi, Ọlọ́run rí ọkàn mi. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ Mary fún ẹ. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ ọ́ lọ́kàn mi pé lónìí ni màá sọ..."

"Akínbọ́lá!"

Fún ọdún mọ́kànlá, obìnrin yìí kò pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ rí, kò yọ 'ẹ' àpọ́nlé kúrò lọ́rọ̀ tó ń bá a sọ rí.

"Akínbọ́lá, ọkàn ẹ ni ibojì ohun rere! Ìdána mi wà níbẹ̀, ìlérí Mary wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn ilé ìdáná mi náà wà níbẹ̀! Ìwọ lò ń dúró de ọjọ́, ọjọ́ kì í dúró dè ọ́! Bàbá mi ń kú lọ!"

Ó wọ ilé ìdáná, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tó fara ti ògiri kọjá. Ó ṣí kòkò omi rẹ̀, ó bu omi kún kẹ́tùlù, ó fi ìdérí dé e, ó jáde.

"Dúró dè mí!" Akínbọ́lá ń wá bàtà lábẹ́ àga. "Bàtà mi kejì dà? Fúnkẹ́, dúró, mò ń bọ̀!"

Kò dúró. Ọkọ̀ kò tíì pọ̀ lójú ọ̀nà, kò sì lè dúró de ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ló fi rìn ín, oòrùn ọ̀sán ń jó o lórí, omi ń ta sílẹ̀ lẹ́nu kẹ́tùlù, ó ń sunkún, ó ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. "Bàbá, ẹ má tíì lọ. Bàbá, ẹ dúró dè mí." Àwọn tó rí i lójú ọ̀nà rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ìrìn tí Akínbọ́lá kò lè rìn fún ọdún mọ́kànlá, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ló gba Fúnkẹ́.

Àga onígi kan wà níta lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀, wọ́n tẹ́ aṣọ sí i lórí. Ọláyíwọlá ló pàdé rẹ̀ níbẹ̀.

"Àga ta nìyí?"

"Bàbá ni kò jẹ́ kí n gbé e wọlé. Wọ́n ní lọ́jọọjọ́ Sátidé ni kí n máa gbé e síta. Wọ́n ní àga àna àwọn ni."

Fúnkẹ́ sáré wọlé. Nínú yàrá, bàbá rẹ̀ ti gbẹ mọ́ ẹní. Ojú nìkan ló ṣì tóbi tó ti tẹ́lẹ̀.

"Àyìnkẹ́?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìwọ àti ta ni?"

"Èmi nìkan ni, sà." Ó kúnlẹ̀, ó gbé kẹ́tùlù sílẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáríjì mí. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni gbé ẹrù wá fún yín rí, tí ẹ kọ̀ ọ́?"

"Ẹrù wo? Mo kàn ń retí rẹ̀ ni." Ó sinmi díẹ̀ kó tó tún sọ̀rọ̀. "Nígbà tí mi ò rí ẹ mọ́, mo ní ìbúra mi ló lé ọmọ mi. Mo ní n ó wá sí Ẹ̀gbẹ́dá, n ó wá mu omi náà bẹ́ẹ̀, kí ẹrù máa bọ̀ lẹ́yìn. Mo tiẹ̀ wọ bàtà lọ́jọ́ kan. Mo dé ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀. Mo padà sílé. Mo ní ó dọ̀la."

"Áà, Bàbá!" Fúnkẹ́ fi orí lé ẹ̀gbẹ́ ẹní, ó sunkún. Gbogbo wọn, gbogbo wọn pátá ni wọ́n ń bọ̀!

"Kí ló wà nínú ìyẹn?" Ó ń wo kẹ́tùlù.

"Omi ni, Bàbá. Omi ilé mi ni."

Ọláyíwọlá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ ìbúra bàbá rẹ̀, ó ń wo ẹnu rẹ̀.

"Ṣebí omi náà ló dé yẹn?" bàbá wí. "Bù ú wá, ọmọ mi."

Ó gbé e lórí sókè, ó fi ife sí i lẹ́nu. Ìgbà mẹ́ta ló mu ún, ó ń gbé e mì díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí.

"Ọmọ mi ni ọ́. Àìsí ẹrù ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹ. Ohun tí o bá dá lábàá, ẹsẹ̀ ẹ á gbé ẹ débẹ̀. O ò ní pẹ́ jù."

"Àmín, Bàbá. Àmín!"

Ọjọ́ Mọ́ńdè, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, bàbá náà sùn, kò jí mọ́. Ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ló kú sí. Ọjọ́ Túsìdè ni Akínbọ́lá dé, ó ti rí bàtà rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Mo dé o!" Wọ́n ti gbé àga wọlé.

Ní ti Ọmọ́wùnmí, ó búra pé kí ojú ti òun, ojú sì tì í. Àwọn èèyàn Mary lọ bá a ní ṣọ́ọ̀ṣì, níwájú gbogbo ìjọ. Àwọn àgbà ìjọ gba oyè Ìyá Àdúrà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Akínbọ́lá kó ẹrù Ọmọ́wùnmí síta, ohun àkọ́kọ́ tó ṣe lọ́jọ́ tó sọ pé òun máa ṣe é. Ọmọ́wùnmí padà sílé ọkọ rẹ̀ ní Ọ̀tà, ìyàwó tuntun ló ṣílẹ̀kùn fún un, ó bi í pé, "Ẹ ń wá ta ni, Màmá?" Títí dòní ni wọ́n ń fi í pa òwe ní Ẹ̀gbẹ́dá. Mary kò padà sọ́dọ̀ Akínbọ́lá mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé Bíbélì wá fún ẹni tó ni ín ní Ìdímù, níbi tí Fúnkẹ́ kó Kẹ́mi àti máṣíìnì rẹ̀ lọ.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, ní Sátidé kan, mọ́tò méjì dúró sí iwájú ilé Pa Oyèníran. Akínbọ́lá ló dé! Ó kó àwọn àgbà ilé wọn wá láti ìlú, ó kó ẹrù ìlọ́po méjì. Wọ́n ní ó ti kan ilẹ̀kùn ilé ìdáná pẹ̀lú. Ó nà gbalaja sílẹ̀ níwájú Ọláyíwọlá tó jẹ́ àbúrò fún un, ó dojú bolẹ̀, kò dìde. Wọ́n bẹ̀ títí, ẹnu àwọn àgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Ọláyíwọlá ní ọ̀rọ̀ ò sí lọ́wọ́ òun. Ó ní kí wọ́n pe ẹni tí wọ́n wá fẹ́, kó wá dé ọkọ rẹ̀ ní fìlà, kó lè dìde nílẹ̀.

"Olúfúnkẹ́ o!" àwọn obìnrin pè. "Jáde wá o, ọkọ ẹ wà nílẹ̀!"

Nínú yàrá, Fúnkẹ́ jókòó ti máṣíìnì rẹ̀, aṣọ funfun wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ó gbọ́ wọn dáadáa. Ó wo ojú fèrèsé, ó rí ẹ̀yìn Akínbọ́lá lórí ilẹ̀ nínú oòrùn.

"Mò ń bọ̀ o!" ó dá wọn lóhùn.

Ó fẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.